Onípíánò ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́: àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù sònátà ṣẹ́lò àti píánò tí mi ò lè fi sílẹ̀

Bí ẹnì kan bá ní kí n mú rẹ́kọ́ọ̀dù sònátà ṣẹ́lò àti píánò kan fún òun (sònátà ni orin gígùn tí kò ní ọ̀rọ̀, tí wọ́n pín sí apá mélòó kan), ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni ẹni tó tẹ píánò. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní gbà fún mi, torí orúkọ oníṣẹ́lò ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà síwájú álíbọ́ọ̀mù, fọ́tò ẹ̀ náà ló máa ń tóbi jù, wọ́n á wá fi lẹ́tà kéékèèké kọ onípíánò sí ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ àwọn orin yìí, nínú ọkọ̀ láàárọ̀ tí sún kẹrẹ fà kẹrẹ bá mú wa láti Kubwa dé Berger, lálẹ́ tí àwọn ọmọ bá ti sùn, lọ́jọ́ Sátidé tí mo bá ń lọ aṣọ, ohun tí etí mi ń sọ fún mi ò sì yí padà: rẹ́kọ́ọ̀dù tí onípíánò bá ti ń sá fún oníṣẹ́lò, kíá ló máa ń sú mi, bó ti wù kí oníṣẹ́lò yẹn mọ̀ ọ́n ta tó.

Fún àwọn tí ò mọ ṣẹ́lò dáadáa, ẹbí fáyólìn ni, àmọ́ ó tóbi débi pé ìjókòó ni wọ́n ń ta á, àárín orúnkún ni wọ́n máa ń gbé e sí. Okùn mẹ́rin ló ní, C, G, D àti A, èyí tó nípọn jù nínú wọn, C yẹn, ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀ dé nǹkan bíi 65 Hz, ìyẹn ni pé okùn náà ń gbọ̀n nígbà 65 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá ti gbọ́ gòjé nínú sákárà Yusuf Ọlátúnjí rí, tàbí tó ti dúró wo àwọn Hausa tó ń ta goge níbi ìnáwó níhìn-ín lókè Ọya, ti mọ ohun tí irun ẹṣin ń ṣe lára okùn. Òun náà ni wọ́n fi ń ta ṣẹ́lò. Ohùn tó bá jáde báyẹn máa ń dà bíi ti èèyàn, kò sì sí ohun tó rọrùn bíi pé kí ohùn yẹn gba gbogbo ọkàn ẹni débi pé a ò ní gbọ́ nǹkan mìíì mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Torí pé àwọn tó kọ sònátà yìí ò kọ ọ́ báyẹn. Kí Beethoven tó dé, iṣẹ́ tí ṣẹ́lò sábà máa ń ṣe ni kó máa ti ìsàlẹ̀ orin lẹ́yìn, òun àti ọwọ́ òsì harpsichord, ohun èlò tí wọ́n ń tẹ̀ kí píánò tó dé. Haydn ò kọ sònátà ṣẹ́lò àti píánò kankan, Mozart náà ò kọ. Ọdún 1796 ni Beethoven, ọmọ ọdún 25 nígbà yẹn, lọ sí Berlin, sí ààfin Ọba Friedrich Wilhelm Kejì ti Prussia, ọba tí òun fúnra ẹ̀ ń ta ṣẹ́lò, tó sì ní àwọn ògbóǹtarìgì oníṣẹ́lò bíi Duport láàfin. Ibẹ̀ ló ti kọ sònátà méjì tó jẹ́ Opus 5 (opus ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń to iṣẹ́ ẹni tó kọ orin), òun gan-an ló jókòó sídìí píánò nígbà tí Duport ń ta ṣẹ́lò. Ẹ rò ó wò, ọ̀dọ́kùnrin tó fẹ́ kí gbogbo Berlin mọ̀ pé òun mọ píánò tẹ̀, ṣé irú ẹ̀ ló máa kọ píánò tí á máa sá pamọ́? Nínú ìwé orin ẹ̀, píánò ló kọ́kọ́ dárúkọ kó tó dárúkọ ṣẹ́lò, Brahms náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ẹnì kan ń lé tí ẹnì kejì ń gbè. Àwọn méjèèjì ló ń lé, àwọn méjèèjì ló ń gbè, wọ́n kàn ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn ni.

Ìṣòro tó wá wà ni pé píánò ayé Beethoven kọ́ ni píánò tiwa. Tìgbà yẹn, tí wọ́n ń pè ní fortepiano, igi ló pọ̀ jù lára ẹ̀, okùn ẹ̀ tín-ín-rín, ohùn ẹ̀ máa ń kú kíákíá, ó sì fúyẹ́, ṣẹ́lò lè bá a sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ó ń pariwo. Píánò ńlá ti òde òní ní irin nínú, okùn ẹ̀ le dan-in, tí onípíánò bá fi gbogbo agbára tẹ ọwọ́ òsì, ó lè bo ṣẹ́lò mọ́lẹ̀ pátápátá. Ohun tí ọ̀pọ̀ wá ń ṣe sí i ni pé onípíánò á rọra máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, àwọn tó ń gba ohùn sílẹ̀ á sì gbé máíkì sún mọ́ ṣẹ́lò, wọ́n á gbé e jìnnà sí píánò. Ẹ máa gbọ́ ọ, ṣẹ́lò á dà bíi pé ó wà nínú yàrá yín, píánò á dà bíi pé ó wà ní kọ́rídọ̀. Mi ò lè fara mọ́ ìyẹn. Steven Isserlis àti Robert Levin gba ọ̀nà mìíì yọ nínú gbogbo Beethoven tí wọ́n ṣe fún ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Hyperion, tó jáde ní 2014: Levin lo fortepiano, Isserlis lo okùn tí wọ́n fi ìfun ẹran ṣe, wàhálà náà sì tán síbẹ̀. Levin ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù ú, kò bo ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ẹ lọ gbọ́ apá kìíní sònátà G minor (ìyẹn ni kí tí orin náà wà) nínú Opus 5 lọ́wọ́ àwọn méjì yìí, kí ẹ wá gbọ́ ọ lọ́wọ́ ẹlòmíì tó lo píánò ńlá.

Mo ti rí ọ̀rọ̀ yìí lójúkojú níhìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Garki tó ń ta ṣẹ́lò, ojú ẹ̀ sì ń rí nǹkan lọ́wọ́ ọyẹ́ Àbújá, torí tí atẹ́gùn gbígbẹ yẹn bá ti dé, igi ṣẹ́lò á máa súnkì, èèkàn tó ń di okùn mú á máa yọ̀, okùn tí ó tún ṣe láàárọ̀ á ti rọ̀ kó tó di ọ̀sán. Fóòmù tútù ló máa ń fi sínú àpótí ẹ̀ kí igi má baà là. Òun àti arábìnrin tó ń tẹ píánò fún kwáyà wọn ń gbìyànjú apá kìíní Brahms E minor, mo jókòó lẹ́yìn mò ń gbọ́ wọn. Arábìnrin yẹn, pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́ ẹ̀, kàn ń fi ìka kan píánò ni, kó má baà bo ẹlòmíì, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì ń ta á bákan ṣáá, ó rí kúlúkúlú. Ni ọ̀gá kwáyà bá dá wọn dúró, ó ní, "Àǹtí, ẹ tẹ̀ ẹ́! Ẹ tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó wá yín wá." Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ tọkàntọkàn, mo fi etí ara mi gbọ́ bí ohùn ṣẹ́lò yẹn ṣe yí padà, ó fẹ̀, ó jinlẹ̀, ọwọ́ tó ń fa ọrun wúwo sí i torí pé ó ti rí ẹni tó máa bá jà. Ohun kan náà ni mò ń wá nínú rẹ́kọ́ọ̀dù láti ọjọ́ yẹn.

Ó yá, Beethoven. Márùn-ún ni sònátà ẹ̀ fún ṣẹ́lò àti píánò: méjì ní 1796, Opus 69 ní 1808, Opus 102 méjì ní 1815 nígbà tí etí ẹ̀ ti ń di tán. Èyí tí mo máa ń mú fún ẹni tó bá fẹ́ gbogbo márùn-ún pọ̀ ni Pierre Fournier àti Friedrich Gulda, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Vienna ní 1959 fún Deutsche Grammophon. Fournier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, píánò ni màmá ẹ̀ kọ́kọ́ kọ́ ọ, rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ló mú un lẹ́sẹ̀ ní kékeré tí kò lè tẹ pẹ́dà píánò dáadáa mọ́, bó ṣe bọ́ sídìí ṣẹ́lò nìyẹn. Mo gbà gbọ́ pé ìyẹn hàn nínú bó ṣe ń ta á, torí kò sígbà tí ohùn ẹ̀ ń sáré bo ohun tí píánò ń sọ, ó máa ń dúró gbọ́. Gulda ní tiẹ̀, ọmọ ọdún 29 péré, ẹni tó ń tẹ jáàsì pẹ̀lú Beethoven láìka ohun tí àwọn àgbàlagbà Vienna ń sọ sí, ìka ẹ̀ mọ́, ó yá, kò sí eruku kankan lára ẹ̀. Ẹ lọ gbọ́ apá kejì Opus 69, scherzo yẹn, apá tó yá bí eré, níbi tí píánò ti ń kọ́kọ́ gbé orin sí àárín ìtẹ̀sẹ̀ méjì, tí kò jẹ́ kó bọ́ síbi tí ẹsẹ̀ ẹni ń retí ẹ̀. Ọ̀pọ̀ onípíánò máa ń tẹ ibẹ̀ bíi pé wọ́n ń ka ìṣirò. Gulda ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí ara ẹ̀ mọ ijó, Fournier náà sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ láìjẹ́ kó ṣubú.

Fournier kan náà tún ṣe gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú Wilhelm Kempff níwájú èrò ní Paris ní 1965. Kempff ti sún mọ́ 70 nígbà yẹn, ó ń rọra sọ ọ́ bí àgbà tó ń pa ìtàn, ibẹ̀ dùn gan-an, pàápàá ìbẹ̀rẹ̀ Opus 69 níbi tí ṣẹ́lò ti dá nìkan wọlé láìsí píánò lẹ́yìn ẹ̀ rárá, tí píánò wá dá a lóhùn. Tó bá ti rẹ̀ mí, Kempff ni mo máa ń gbọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni kí n mú, Gulda ni.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Gwarinpa, òun ló kọ́kọ́ fi flash kó orin yìí fún mi, kò gbà fún mi lórí èyí rárá. Tiẹ̀ ni Mstislav Rostropovich tó ń ta ṣẹ́lò àti Sviatoslav Richter tó ń tẹ píánò, tí Philips gbà sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. "Ìwọ náà ló ń sọ pé onípíánò ni kí á kọ́kọ́ gbọ́," ó ní, "ṣé Richter ló ń sá fún ẹnikẹ́ni?" Mo ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n, kò sá fún ẹnikẹ́ni, òótọ́ lẹ sọ." Òótọ́ ni o. Agbára tó wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn, mi ò rí irú ẹ̀, apá tó falẹ̀ nínú Opus 102 kejì, èyí tó jẹ́ pé òun nìkan ni apá tó falẹ̀ tó dá dúró tó gùn tó bẹ́ẹ̀ nínú márààrún, àwọn méjèèjì ṣe é débi pé mo máa ń pa fóònù tì lẹ́yìn ẹ̀. Ohun tí mo kàn sọ fún ẹ̀gbọ́n ni pé nínú Opus 5, tó jẹ́ orin ọ̀dọ́ tó ń yangàn, Rostropovich àti Richter wúwo jù fún mi, Fournier àti Gulda ló rántí pé ọmọ ọdún 25 ló kọ ọ́. A ò tíì parí ẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé Jacqueline du Pré àti Stephen Kovacevich, 1965, Opus 69 àti Opus 102 kejì nìkan ni wọ́n ṣe. Ọmọ ogún ọdún ni du Pré, Kovacevich náà ṣì kéré, kò sì sí ìbẹ̀rù kankan nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé àwọn gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tí mo ní kí wọ́n gbọ́, àwọn ò rí ohun tí mò ń sọ níbẹ̀, tí mo bá bi wọ́n pé kí ni ẹ fi gbọ́ ọ, wọ́n á ní sípíkà fóònù. Sípíkà fóònù ò lè gbé 65 Hz jáde, kékeré ẹ̀ ti pọ̀ jù, ohun tí ẹ ń gbọ́ ni òkè ohùn yẹn nìkan, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti lọ. Gbogbo ọwọ́ òsì píánò náà ti lọ pẹ̀lú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ òsì yẹn ni ìdajì ọ̀rọ̀. Ẹ wá íàpíìsì tó dáa, kò dìgbà tó bá wọ́n, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní Banex ní Wuse 2, ẹ fi sétí kí ẹ tó rà á, orin tí ẹ mọ̀ dáadáa ni kí ẹ fi dán an wò. Ohun kejì ni jẹnẹrétọ̀. I-pass-my-neighbour tó bá ń ké lẹ́yìn fèrèsé, ibi tí okùn ìsàlẹ̀ ṣẹ́lò wà gan-an ni ariwo ẹ̀ náà ń gbé, wọ́n á sì jọ pò pọ̀. Tí iná bá wà lálẹ́, tí gbogbo àdúgbò ti pa jẹnẹrétọ̀ wọn, ìgbà yẹn ni kí ẹ gbọ́ Brahms. Wáífáì ọ́fíìsì ni kí ẹ ti fi dáńlóòdù ẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, torí orin tó bá jẹ́ ojúlówó máa ń jẹ dátà gan-an.

Brahms yẹn wá ni ọkàn mi wà jù. Àkọ́kọ́, E minor, Opus 38, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1862, ó parí ẹ̀ ní 1865, ó kọ ọ́ fún Josef Gänsbacher, ẹni tó ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń fi ohùn kọrin ní Vienna tó sì tún ń ta ṣẹ́lò. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé Brahms ń tẹ píánò kíkankíkan lọ́jọ́ tí wọ́n jọ ń ṣe é, Gänsbacher pariwo pé òun ò gbọ́ ṣẹ́lò òun rárá, Brahms ní orí ẹ ló ṣe ẹ́ ire. Ọ̀rọ̀ líle ni, àmọ́ ó fi ohun tí ọkùnrin yẹn ń retí hàn wá. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó gbé ṣẹ́lò sí ní ìbẹ̀rẹ̀ orin yìí, lórí okùn tó nípọn, ibi tí ohùn ẹ̀ ti ṣókùnkùn tí kò sì rọrùn láti yọ jáde, ó wá gbé píánò lé e. Apá ìkẹyìn náà, fugue ni, ọwọ́ òsì píánò ló kọ́kọ́ fò wọlé, ṣẹ́lò tẹ̀lé e, ọwọ́ ọ̀tún wá wọlé lẹ́yìn, ẹni mẹ́ta ń lé ara wọn kiri nínú ilé kan. Kò sí bí onípíánò ṣe lè sá pamọ́ níbẹ̀ tí orin náà kò ní bàjẹ́.

Rẹ́kọ́ọ̀dù mi fún un ni Rostropovich àti Rudolf Serkin, Deutsche Grammophon, 1982. Serkin, ọmọ ọdún 79. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mi ò sọ pé ó rọrùn létí. Ìka àgbà ni, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló dán, ó sì ń falẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe é lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí Brahms kọ sí ọwọ́ òsì ló wà níbẹ̀, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ bí ìpìlẹ̀ ilé, Rostropovich tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tí kì í bò mọ́lẹ̀ ní láti wá ohùn tí mi ò gbọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ níbòmíì, ohùn tó ń bẹ̀bẹ̀ lókè tó sì ń kùn nísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé òpin apá kìíní, níbi tí E minor ti di E major tí gbogbo nǹkan sì rọlẹ̀, ẹ máa mọ̀ pé àwọn méjèèjì ló gbé e débẹ̀.

Tí ìyẹn bá wúwo jù, Janos Starker àti György Sebők, Mercury, 1964, ọmọ Hungary làwọn méjèèjì, wọ́n sì jọ kọ́ àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Starker kì í fi ọ̀rá kún orin, ó ń ta á gbẹrẹfu, ó mọ́, gbogbo nóòtì ló ń dún, Sebők náà bẹ́ẹ̀. Fún fugue yẹn nìkan, mo fẹ́ràn wọn ju Serkin lọ. Du Pré àti Daniel Barenboim ọkọ ẹ̀, 1968, iná ni, omijé sì ni, ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo mọ̀ ló ti ibẹ̀ wọ inú Brahms, èmi náà máa ń gbọ́ ọ. Ohun tó kàn ń ṣe mí ni pé mo máa ń gbọ́ Barenboim tó ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, tó ń dúró dè é, tó ń ṣe gbogbo ohun tó bá fẹ́. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Brahms ò béèrè fún ìyẹn.

Ìkejì, F major, Opus 99, ọdún 1886 ló kọ ọ́, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, létí adágún omi Thun ní Switzerland, ó kọ ọ́ fún Robert Hausmann. Píánò ló bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ń gbọ̀n lórí kọ́ọ̀dù, ṣẹ́lò ń fò lókè ẹ̀ bí ẹni tó ń pariwo láti òkè kejì odò. Tí onípíánò ò bá mọ bó ṣe máa ṣe gbígbọ̀n yẹn, á kàn dà rú ni, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Isserlis àti Stephen Hough, Hyperion, 2005, ni mo yàn fún un, torí Hough jẹ́ kí a gbọ́ inú gbígbọ̀n yẹn, gbogbo ìka ẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, síbẹ̀ kò ga ju Isserlis lọ. Nínú apá kejì, ibi tí ṣẹ́lò ti ń fi ìka já okùn tí píánò sì ń kọrin, ibẹ̀ ni mo ti máa ń sọ fún ara mi pé mo rí ohun tí mò ń wá. Casals àti Horszowski náà ṣe é ní 1936, ohùn rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn ń ha gan-an, ṣùgbọ́n tí ẹ bá lè fara dà á, ẹ gbọ́ ọ, ìtara tó wà níbẹ̀ kò gbó.

Chopin kọ ọ̀kan péré, G minor, Opus 65, ó kọ ọ́ fún Auguste Franchomme ọ̀rẹ́ ẹ̀, àwọn méjèèjì jọ ṣe apá mẹ́ta ìkẹyìn ẹ̀ ní Paris ní ọjọ́ 16 oṣù kejì 1848, kónsáàtì tí Chopin ṣe kẹ́yìn ní Paris láyé ẹ̀ nìyẹn. Apá kẹta ẹ̀, Largo, kúrú, báà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n péré (báà ni ìwọ̀n kéékèèké tí wọ́n ń pín orin sí), bẹ́ẹ̀ kò sí ibì kan tó ṣófo níbẹ̀. Rostropovich àti Martha Argerich, 1980. Mi ò ní sọ púpọ̀, Argerich ni. Ẹni tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ di elégbè. Rostropovich mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì hàn pé inú ẹ̀ dùn sí i, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń já a gbà lọ́wọ́ ara wọn ní apá ìkẹyìn. Du Pré àti Barenboim náà gbà á sílẹ̀ ní oṣù kejìlá 1971, òun àti sònátà Franck, ìyẹn ni iṣẹ́ sítúdíò tí du Pré ṣe kẹ́yìn, torí ara ẹ̀ ti ń ṣe é bákan nígbà yẹn, ìka ẹ̀ ń kú, kò tó ọdún méjì sí i tí àwọn dókítà fi sọ pé àìsàn multiple sclerosis ni. Ẹni ọdún 42 ló kú sí, ní 1987. Mo máa ń gbọ́ Largo yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ yẹn lọ́kàn, mi ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè fi í wé tẹnikẹ́ni.

Rachmaninov, G minor bákan náà, 1901. Kété lẹ́yìn kọ́ńsẹ́tò píánò ẹ̀ ìkejì ló kọ ọ́, ẹni tó bá mọ ìyẹn á ti mọ irú píánò tó wà níbí. Píánò ló ń kọ́kọ́ mú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn orin ibẹ̀ wá, ṣẹ́lò á wá gbà á, á fà á gùn. Ọ̀pọ̀ rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀ ni ṣẹ́lò ti ń rì, ó ń lúwẹ̀ẹ́ kó má baà kú ni. Èyí tí mò ń gbọ́ jù lọ nísinsìnyí ni ti Sheku Kanneh-Mason àti Isata ẹ̀gbọ́n ẹ̀, nínú álíbọ́ọ̀mù Muse tí Decca gbé jáde ní 2021. Ọmọ Nottingham ni wọ́n, Sierra Leone ni màmá wọn ti wá, Sheku yìí ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba BBC Young Musician, ní 2016. Inú mi dùn pé àwọn ọmọ mi rí wọn, mo máa ń pè wọ́n wá wo fídíò wọn, mi ò fi pamọ́. Ṣùgbọ́n torí pé aláwọ̀ dúdú ni wọ́n kọ́ ni mo ṣe yàn án. Torí Isata ni. Ilé kan náà ni wọ́n dàgbà sí, láti kékeré ni wọ́n ti jọ ń ṣeré, ó mọ ibi tí àbúrò ẹ̀ máa mí kó tó mí, nítorí náà kò ní láti rọra tẹ píánò láti dè é. Ó ń tẹ̀ ẹ́ bí Rachmaninov ṣe kọ ọ́, ó kún, ó yọ̀, ní apá kẹta, Andante yẹn, píánò dá orin náà sílẹ̀ lójú mi bíi pé kò ní í fún ẹnikẹ́ni mọ́, Sheku sì gbà á jẹ́jẹ́.

Debussy, 1915, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú méjìlá lọ. Rostropovich àti Benjamin Britten, Decca, 1961. Britten tó ń kọ orin sínú ìwé fúnra ẹ̀ ló tẹ píánò, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó mọ ìdí tí nóòtì kọ̀ọ̀kan fi wà níbẹ̀. Ẹ má wá ẹlòmíì.

Shostakovich náà tẹ tiẹ̀. D minor, Opus 40, ó kọ ọ́ ní 1934 fún Viktor Kubatsky, àwọn méjèèjì sì wà lẹ́nu ìrìn àjò eré ní Arkhangelsk ní oṣù kìíní 1936 nígbà tó ra ìwé ìròyìn Pravda tó rí i pé wọ́n ti bu opera òun bí ìdọ̀tí. Rẹ́kọ́ọ̀dù méjì ló wà tó wù mí tí òun fúnra ẹ̀ ti tẹ píánò, ọ̀kan pẹ̀lú Daniil Shafran ní 1946, ọ̀kan pẹ̀lú Rostropovich lẹ́yìn náà. Ti Shafran ni mo yàn, torí ohùn ṣẹ́lò Shafran ń gbọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, Shostakovich sì ń tẹ tiẹ̀ lọ gbẹrẹfu láìbojú wẹ̀yìn, àwọn méjèèjì ò jọra rárá, orin yẹn gan-an sì nílò bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí lo íàpíìsì.

Èyí tó kù ni Prokofiev, C major, Opus 119, 1949. Rostropovich àti Richter ló kọ́kọ́ ṣe é fún gbogbo ayé, ní Moscow, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 1950. Ẹni ọdún 22 ni Rostropovich, Richter jẹ́ 34. Wọ́n gbà á sílẹ̀ pẹ̀lú. Ṣẹ́lò ló bẹ̀rẹ̀, lórí okùn C yẹn, nísàlẹ̀ pátápátá, Richter wá gbé kọ́ọ̀dù kalẹ̀ sábẹ́ ẹ̀ láìkánjú, láìsá, láìbo ẹnikẹ́ni. Lórí èyí, èmi àti ẹ̀gbọ́n Gwarinpa ò ní ìjà kankan.